Etí Ló Ń Ṣáájú Ojú: Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Àwọn Ayàwòrán Ìgbéyàwó ní Ìbàdàn

Ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ tí ẹ jókòó síwájú, mo júbà yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti Ọjọ́ọ̀, Mọ́níyà, Challenge àti Olódó wá, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìjókòó. Àwọn tó pè mí sọ pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ibi tí ayàwòrán ìgbéyàwó ti ń rí ìmísí, àti lórí bí ó ṣe lè máa dàgbà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo ní í sọ kò ju ẹyọ kan lọ: nínú iṣẹ́ tiwa yìí, etí ló ń ṣáájú ojú. Ẹni tí kò bá fetí sí ohun tí àwọn èèyàn ń sọ, ohun tí wọ́n ń dá lórin, àti ohun tí onílù ń fi ìlù wí, kò lè mọ ibi tó yẹ kó kọjú kámẹ́rà sí kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ìgbà tó ti ṣẹlẹ̀ tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yíjú síbẹ̀, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ló yà, kò ya ọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo lọ ya fọ́tò ìdána ní agboolé kan ní Bẹẹrẹ. Ilé àtijọ́ ni, àgbàlá rẹ̀ kò fẹ̀, wọ́n sì ta kánópì sí i débi pé bí èèyàn bá na ọwọ́ sókè, yóò kàn án. Àwa ayàwòrán méjì la wà níbẹ̀: èmi tí ìdílé ìyàwó gbà, àti ẹnì kan tí àwọn ará ilé ọkọ mú wá. Nígbà tí alága ìjókòó ní kí wọ́n máa mú ìyàwó bọ̀, tí ọmọ náà sì jó jáde pẹ̀lú ìbòjú lójú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo kámẹ́rà àti gbogbo fóònù kọjú sí, bó sì ti yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí onígángan fi ìyàwó sílẹ̀ láàárín ijó. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí ìyá àgbà ilé náà jókòó sí lórí àga onígi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlù pe ìdílé tí ìyá yìí ti wá: Ìkòyí ẹ̀ṣọ́, Ìkòyí ẹ̀ṣọ́. Ìdílé Oníkòyí ni ìyá tó bí ìyá tèmi náà ti wá, mo sì ti ń gbọ́ oríkì yìí lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré. Bí mo ti gbọ́ ọ báyìí ni mo yí padà.

Ìyá náà kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó fún ètè rẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kúrò lórí itan, ó fa ìborùn rẹ̀ wálẹ̀ láti èjìká, ó rọra ká a, ó dì í mọ́ ìbàdí, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni ní gbogbo ìgbà tó ń ṣe é. Kó tó dìde, ìyàwó ti rí i, ó ti fi ìka méjì gbé etí ìbòjú sókè, ó sì dúró gbagidi láàárín ijó. Fọ́tò mẹ́ta ni mo rí yà. Nínú ẹ̀kẹta, ìyá kò jókòó mọ́, kò sì tíì dìde tán, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ń wò ó láti abẹ́ ìbòjú. Ẹnì kejì mi, tí owó kámẹ́rà rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti tèmi, kẹ́yìn sí ìyá ní gbogbo àkókò yẹn. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ìlù náà ni kò sọ nǹkan kan létí rẹ̀.

Irú fọ́tò báyìí, tí a yà láìjẹ́ pé ẹni tí a ń yà dúró fún un, ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní kándìdì. Fọ́tò àìgbaradì ni èmi máa ń pè é. Àwọn kan rò pé ọ̀ràn oríire ni, pé bí èèyàn bá ṣáà ń tẹ kámẹ́rà léraléra, yóò bá ọ̀kan pàdé. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbi ìgbéyàwó Yorùbá, nítorí pé ìgbéyàwó wa ní ètò, alága méjèèjì sì ń fi ẹnu kéde ètò náà fún ẹni tó bá fetí sílẹ̀. Ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò dọ̀bálẹ̀. Wọn yóò ka ìwé ìtọrọ. Ìyàwó yóò jáde. Àwọn òbí yóò súre. Ìyàwó yóò lọ mú Bíbélì tàbí Kùránì láàárín ẹrù tí wọ́n tò sílẹ̀, yóò sì dé fìlà fún ọkọ rẹ̀. Ohun tí mo ti rí ni pé fọ́tò tó dára jù kì í sábà wà nínú ìṣe wọ̀nyí gan-an. Gbogbo èèyàn ló ń ya ìdọ̀bálẹ̀. Ẹ dúró de ìgbà tí wọ́n bá ń dìde: ọ̀rẹ́ kan ń gbọn iyanrìn kúrò lára agbádá ọkọ, òmíràn ń wá fìlà rẹ̀ tó já bọ́, ọkọ alára sì ń yọ́jú wo bàbá ìyàwó bóyá ó ti rẹ́rìn-ín. Gbogbo èèyàn ló ń ya ìyàwó tó gbé Bíbélì lọ́wọ́. Ẹ wo ìyá rẹ̀ nígbà tí alága ìdúró bá sọ pé, “Ọmọ yín ti di ọmọ wa láti òní lọ.”

N kò sọ gbogbo èyí láti fi tẹ́ fọ́tò ìdúró, èyí tí ẹni tí a ń yà mọ̀ọ́mọ̀ gbára dì fún. Ẹ lọ wo ògiri pálọ̀ àwọn ilé àtijọ́ ní Òkè-Àdó. Ẹ ó rí àgbàlagbà tó jókòó dáadáa, tí aṣọ rẹ̀ bo àga, tí ọwọ́ méjèèjì wà lórí itan, tí ojú méjèèjì sì kọ kámẹ́rà tààrà. Àwọn tó ya ìwọ̀nyí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n fẹ́ kí ipò àti ìwà ẹni náà hàn, kí ọmọ tí a kò tíì bí lè mọ irú èèyàn tí bàbá ńlá rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, bí bàbá ìyàwó bá pè yín pé kí ẹ wá ya òun, ẹ fi ohun yòówù tí ẹ ń ṣe sílẹ̀, ẹ kí i bó ti yẹ kí ọmọ kí bàbá, ẹ fún un ní fọ́tò tó fẹ́. Ẹni tó bá ti rí fọ́tò ìdúró rẹ̀ gbà, ara rẹ̀ á balẹ̀, kò sì ní máa ṣọ́ kámẹ́rà mọ́. Ìgbà yẹn ni ti àìgbaradì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ayàwòrán àtijọ́ yìí kan náà ló kọ́ mi pé ìmísí máa ń wá láti inú ohun tí oníbàárà ń rò lọ́kàn. Ní agbègbè Ìlá-Ọ̀ràngún àti láwọn ibòmíràn nílẹ̀ Yorùbá, títí di àwọn ọdún 1970, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò pọ̀, ayàwòrán a máa ya èyí tó ṣẹ́kù lẹ́ẹ̀mejì, á wá tẹ àwòrán méjèèjì sórí ìwé kan ṣoṣo, tí yóò fi dà bí ẹni pé Táyé àti Kẹ́hìndé jókòó ti ara wọn. Bí ó bá jẹ́ pé akọ kan àti abo kan ni wọ́n, ọmọ tó kù yóò wọ aṣọ tirẹ̀ ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà yóò wọ aṣọ tó yẹ èkejì rẹ̀. Ẹ rò ó wò. Ìyá kan wọ ilé fọ́tò wá, ó sì sọ ohun tó ń dùn ún. Ayàwòrán gbọ́ ọ, ó wọ yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fíìmù lọ, ó sì wá ọ̀nà tí fíìmù àti ìwé yóò fi dá ìyá náà lóhùn. 

Ìbàdàn yìí náà ni J. D. ’Okhai Ojeikere, tí wọ́n bí ní ọdún 1930 tó sì di olóògbé ní ọdún 2014, ti fi iṣẹ́ yìí jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Yàrá òkùnkùn ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìròyìn ló ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1954, gẹ́gẹ́ bí ọmọọṣẹ́ tó ń bá wọn fọ fíìmù, kó tó di ayàwòrán ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá sílẹ̀ níbí ní ọdún 1959. Ní ọdún 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin, èyí tó ń rí lójú títì, níbi iṣẹ́ àti níbi ayẹyẹ. Ó yà á títí ó fi tó bí ẹgbẹ̀rún fọ́tò, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló sì jẹ́ pé ẹ̀yìn orí ló yà. Sùkú àti onílé gogoro tí gbogbo wa ń rí lójoojúmọ́ tí a ń kọjá lọ ni òun dúró wò. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ìgbéyàwó Ìbàdàn ti sú òun yà, pé ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ní ìlú Bamako ní Màlì, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Malick Sidibé a máa lọ láti òde dé òde ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé láti ya àwọn ọ̀dọ́ tó ń jó. Yóò padà sí ilé fọ́tò rẹ̀ lóru kan náà, yóò fọ fíìmù, yóò tẹ̀ ẹ́ ní kékeré, yóò sì kó o síta kí àwọn tó jó lè wá yan tiwọn. Fọ́tò rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù ni ti alẹ́ Kérésìmesì ọdún 1963: ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ kóòtù funfun, ọmọbìnrin kan ń jó níwájú rẹ̀ láìwọ bàtà, orí àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, wọ́n sì ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ijó yóò mọ̀ pé ìgbà tí orin bá wọ èèyàn lára tán ló máa ń wo ẹsẹ̀ báyìí. Ayàwòrán náà gbọ́ orin yẹn. Ní ọdún 2003, ó gba ẹ̀bùn Hasselblad, ẹ̀bùn ńlá kan fún àwọn ayàwòrán àgbáyé, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lórí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀, nítorí pé etí lè gbé yín dé ibi tí nǹkan yóò ti ṣẹlẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ sì bà á jẹ́. Ọ̀tá wa tó burú jù ní Ìbàdàn ni kánópì aláwọ̀. Bí oòrùn bá gba inú kánópì pupa tàbí aláwọ̀ búlúù kọjá, àwọ̀ yẹn ni yóò bo ojú gbogbo èèyàn, èyí tó sì ṣòro jù ni ti kánópì aláwọ̀ méjì, níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan á ti pọ́n, tí èkejì á sì ti yí sí àwọ̀ ewé. Kọ̀ǹpútà kò lè tún ìyẹn ṣe tán. Ẹ bá ìdílé sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí wọ́n gba kánópì funfun, ó kéré tán síbi tí ìyàwó àti ọkọ yóò jókòó sí. Ọ̀sán gangan ni ìṣòro mìíràn. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, oòrùn a máa wà ní àtàrí gan-an, pàápàá ní oṣù kẹrin àti oṣù kẹsàn-án, etí gèlè á sì ju òjìji dúdú sórí ojú gbogbo obìnrin tó wà lóde. Ẹ mú wọn lọ sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n kọjú síta. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá, nígbà tí ọyẹ́ bá ti dé, eruku inú afẹ́fẹ́ a máa rọ ìmọ́lẹ̀ lójú. Àwọn kan ń ráhùn pé ojú ọ̀run kò mọ́. Èmi máa ń dúpẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ aṣọ funfun àti ojú dúdú tún wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ kámẹ́rà ni pé gbogbo ohun tó bá rí gbọ́dọ̀ wà láàárín méjì, kí ó má funfun jù, kí ó má dúdú jù. Bí aṣọ ìyàwó bá gba gbogbo ojú fọ́tò, kámẹ́rà yóò dín ìmọ́lẹ̀ kù nítorí aṣọ náà, ojú ìyàwó á sì ṣókùnkùn. Ojú rẹ̀ ni kí ẹ fi wọn ìmọ́lẹ̀, kí ẹ tó wá máa ṣọ́ aṣọ kí iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀ má bàa sọnù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé iṣẹ́ fíìmù Kodak ní Amẹ́ríkà fi fọ́tò obìnrin aláwọ̀ funfun ṣe òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń tún àwọ̀ fọ́tò ṣe, ojú wa kò sí nínú òṣùwọ̀n náà. Àwọn ọ̀gá wa fi ọwọ́ ara wọn kọ́ bí ojú dúdú ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀. Ogún ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa.

Èmi náà ti ṣe àṣìṣe. Ní ọdún kẹta tí mo gba òmìnira iṣẹ́, mo wà níbi ìgbéyàwó kan ní Bódìjà. Bàbá ìyàwó ti ń súre láti bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohùn rẹ̀ le, ó ń dún ketekete. Mo lo ìgbà yẹn láti tẹ orí ba, kí n wo fọ́tò tí mo ti yà lẹ́yìn kámẹ́rà. Mo gbọ́ tí ohùn rẹ̀ já. Mo gbọ́ ọ, ẹ gbọ́ mi o, ṣùgbọ́n ojú mi wà lórí fọ́tò ijó tó ti kọjá. Nígbà tí mo fi gbójú sókè, ó ti fi etí agbádá nu ojú tán, ó ti ń rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ tí mo kó álíbọ́ọ̀mù lọ, ìyàwó ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́ pé, “Bùrọ̀dá, ibi tí Dádì ti sunkún yẹn ńkọ́?” Láti ọjọ́ náà, n kì í wo ẹ̀yìn kámẹ́rà nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń gbàdúrà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń bi mí pé níbo ni mo ti ń rí ohun tuntun. Mo mọ̀ pé Instagram lẹ ń wò, n kò sì bá yín jà. Ṣùgbọ́n ìdúró tí ẹnì kan kọ́ tọkọtaya ní etí òkun Amẹ́ríkà kì í bá ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun lára mu, ẹ sì ń rí i lójú wọn pé ara ń ni wọ́n. Ẹ wo Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929. Gbogbo wa la ń kó ìyàwó lọ síbẹ̀, tí a ń tò wọ́n sáàárín òpó. Àwọn obìnrin aláró wo àwọn òpó kan náà yẹn, wọ́n yà wọ́n sára àdìrẹ ẹlẹ́kọ, wọ́n fi ṣíbí sáàárín òpó sí òpó, wọ́n sì sọ aṣọ náà ní Ìbàdàn Dùn. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ ro ti ṣíbí, ṣùgbọ́n mo máa ń wo aṣọ yẹn kí n tó lọ sí Mápó, kí n má bàa tún ṣe ohun tí mo ṣe níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ní ti ìdàgbàsókè, àṣà méjì ló ràn mí lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ ni pé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, mo máa ń lo oṣù kan pẹ̀lú lẹ́ǹsì kan ṣoṣo, ti 35mm, n kì í sì í ya ju fọ́tò 36 lọ lóòjọ́, gẹ́gẹ́ bí fíìmù ṣe máa ń gbà nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Mo máa ń lọ sí Ọjàá’ba láàárọ̀, mo máa ń kí àwọn ìyá, mo máa ń ra nǹkan lọ́wọ́ wọn, mo sì máa ń béèrè kí n tó yà wọ́n. Èkejì, èyí tí mo fi sọ́kàn jù, ni pé n kì í fi álíbọ́ọ̀mù rán ọmọọṣẹ́. Mo máa ń lọ fúnra mi, mo máa ń jókòó, kí n gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń dá bí wọ́n ti ń ṣí i. Ibi tí wọ́n bá dúró sí pẹ́ kì í sábà jẹ́ ibi tí mo rò. Ìdílé kan pè mí ní oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìgbéyàwó ọmọ wọn, pé àbúrò bàbá ìyàwó ti ṣaláìsí, pé ǹjẹ́ mo ní fọ́tò rẹ̀. Kò sí nínú èyíkéyìí nínú àwọn fọ́tò ìdúró, torí òun ló ń sáré kiri nítorí oúnjẹ. Mo wá a títí mo fi rí ẹyọ kan: ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bu omi fún onílù tó ti rẹ̀, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Òun ni wọ́n gbé sórí pósítà.

Nítorí èyí, ẹ má ṣe pa fọ́tò rẹ́ kí ọdún tó yí po, kí ẹ sì máa kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ sí ọ̀nà méjì ó kéré tán. Àwọn nǹkan kan sì wà tí etí yóò gbọ́ tí kámẹ́rà kò gbọdọ̀ dá sí. Bí ẹbí bá ń jà lẹ́yìn ilé nítorí ẹrù tí kò pé, bí ìyàwó bá ń sunkún nínú yàrá tí kò tíì wọṣọ tán, ẹ gbé kámẹ́rà wálẹ̀, ẹ jáde. Ẹ má sì ya ẹni tó ń jẹun.

Ẹ ti béèrè bóyá mo ṣì ń gba ọmọọṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní òde kan ní Mọ́kọ́lá ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ìdílé sì ti gbà kí ẹni méjì tẹ̀ lé mi. Ẹni tó bá fẹ́ wá, kí ó pàdé mi ní aago mẹ́fà àárọ̀, kí ó wọ bàtà tí kò ní dá a lóró, kí ó sì fi kámẹ́rà rẹ̀ sílé. Ẹ̀gbẹ́ onílù ni n ó fi yín sí títí di ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì wá sọ ohun tí ẹ gbọ́ fún mi.